Omi tútù, omi gbígbóná, àpò oúnjẹ méjì: èwo ló ń dà nínú ẹja àrọ̀?

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, mo da oúnjẹ sínú tánkì kọnkéré mi bí mo ṣe ń dà á láti oṣù mẹ́ta: ìwọ̀n kan náà, aago méje kan náà. Ẹja kò gbórí sókè. Mo ní àìsàn ti dé. Mo ra oògùn, mo yí i sómi. Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, oúnjẹ àárọ̀ ti wú, ó ti tú ká lójú omi bí ògì tó kan, gbogbo ọgbà ń rùn. Bàbá kan tó ń sin ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ki tẹmómítà bọ omi náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì nà án sí mi kí n kà á: 22°C. Kò sí ẹja tó ń ṣàìsàn níbẹ̀. Òtútù ló mú wọn.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé àpò wo ni kí òun rà, èmi náà a bi í pé: omi rẹ gbóná tó mélòó? Ẹlòmíràn a rò pé ṣe ni mo fẹ́ fi àṣírí dùn òun. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ló ń gba ìdá tó pọ̀ jù nínú owó tí à ń ná lórí ẹja, ó sábà máa ń tó 60 sí 70 nínú 100, àpò tí a bá sì ṣì rà, ìsàlẹ̀ omi ló ń lọ. Ẹja àrọ̀ ni mo fi ṣe ìfiwéra yìí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clarias gariepinus, torí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń sìn, láti Ìkòròdú dé Ìjẹ̀bú-Òde títí wọ Ìbàdàn.

Jíjẹ yàtọ̀ sí dídà

Ara èèyàn wà ní nǹkan bíi 37°C, ooru ni o, ọyẹ́ ni o. Ẹja kò ní irú iná bẹ́ẹ̀ nínú. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ń rí. Bí omi bá fi 10°C tutù sí i, iṣẹ́ inú ara ẹja a falẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì: lílù ọkàn rẹ̀, oje tí ikùn ń tú jáde láti fọ́ oúnjẹ, àti bí ìfun ṣe ń ti oúnjẹ náà lọ. Oúnjẹ tó yẹ kó ti kúrò níkùn láàárín wákàtí díẹ̀ nínú omi 28°C lè sùn mọ́jú níbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbórí sókè lọ́jọ́ tí mò ń sọ. Oúnjẹ àná ṣì wà níkùn wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rò nìyí. Wọ́n á ní òtútù kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà, nítorí náà kí a lọ ra èyí tó le jù lọ́jà, èyí tí wọ́n kọ amúaradàgbà 45 nínú 100 sí lára. Àmọ́ àwọn tó fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n rí i pé iye tí ẹja ń jẹ ni òtútù ń gé jù, kì í ṣe ìdá tó ń dà nínú ohun tó bá ti jẹ. Lóòótọ́ ni oje inú ikùn ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú òtútù, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà ń pẹ́ nínú ìfun, oje yẹn sì ń rí àyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti amúaradàgbà, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dí èkejì. Àwọn tí òtútù ń bá fínra gan-an ni ọ̀rá tó máa ń dì àti sítáàṣì tí kò jinná.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n máa ń dùn mọ́ mi. Wọ́n á po ohun kan tí ẹja kò lè dà mọ́ oúnjẹ, bíi chromic oxide, ẹtù aláwọ̀ ewé kan. Wọ́n á wá kó ìgbẹ́ ẹja. Bí ẹtù náà bá ṣe pọ̀ nínú ìgbẹ́ ju bó ṣe wà nínú oúnjẹ lọ ni wọ́n fi ń mọ ìdá tó wọ ara ẹja. Àwa tí kò ní yàrá ìwádìí, ìwọ̀n orí tábìlì àti tẹmómítà ni tiwa.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí, bí omi bá ṣe rí:

| Omi | Bí àrọ̀ ṣe ń jẹ | Ohun tí mò ń ṣe |
|---|---|---|
| Kò tó 20°C | Bóyá ni yóò jẹ | Mo fi í sílẹ̀ títí omi yóò fi móoru |
| 20 sí 24°C | Ó ń lọ́ra | Ìdajì oúnjẹ, ọ̀sán nìkan |
| 25 sí 27°C | Ó ń jẹ dáadáa | Ó kù díẹ̀ kí ó pé ìwọ̀n |
| 28 sí 30°C | Ibi tó fẹ́ràn jù | Ìwọ̀n kíkún, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ |
| Ó ju 32°C lọ | Ó ń sáré jẹ, ó ń sáré yàgbẹ́ | Mo dín in kù, mo ṣọ́ omi |

Èyí tó ń léfòó àti lókà

Èyí tó ń léfòó, inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti fi ooru omi gbígbóná àti agbára ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sè é, ooru rẹ̀ sì máa ń kọjá 100°C. Bó ṣe ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ló ń wú bíi gúgúrú, atẹ́gùn tó há sínú rẹ̀ ló ń gbé e léfòó. Lókà ni èyí tí à ń lọ̀ ládùúgbò, tí a fi ẹ̀rọ fún jáde bí okùn mákàrónì, tí a sì sá sóòrùn. Ó ń rì.

Ẹlòmíràn rò pé léfòó yẹn là ń sanwó fún. Sísè ni. Sítáàṣì inú àgbàdo tútù le fún ẹja láti dà, pàápàá irú ẹja bí àrọ̀ tó fẹ́ràn ẹran, tí ìfun rẹ̀ kúrú. Nígbà tí omi àti iná bá ti tú sítáàṣì náà, bí ìgbà tí ògì di ẹ̀kọ, ara ẹja a gbà á. Ta nínú wa ló máa bu ìyẹ̀fun àgbàdo tútù jẹ tí inú rẹ̀ kò ní máa kùn mọ́jú?

Ẹ̀wà sóyà náà ní tirẹ̀. Ní tútù, èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń so trypsin lọ́wọ́, trypsin yìí sì ni oje tó ń gé amúaradàgbà wẹ́wẹ́ nínú ìfun. Yíyan tàbí sísè ló ń borí èròjà náà. Bí a bá sì wá yan án jóná, a tún ti bà á jẹ́ lọ́nà mìíràn, torí iná àjùlọ máa ń so lysine, ọ̀kan nínú àwọn èròjà amúaradàgbà, mọ́ ṣúgà, ẹja kò sì ní rí i lò mọ́. Ẹ̀jẹ̀ màlúù tí a fi iná líle gbẹ ń jẹ irú ìyà yìí náà. Nítorí náà, kí wọ́n sọ fún yín pé sóyà àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú oúnjẹ kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe yan án.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára àpò ńkọ́? Nitrogen, èròjà kan tó wà nínú amúaradàgbà, ni wọ́n wọ̀n nínú oúnjẹ tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀, nọ́ńbà náà kò sì mọ ohun tó máa dà yàtọ̀ sí ohun tí kò ní dà. Ìyẹ́ adìẹ tí a lọ̀ ní amúaradàgbà tó tó 80 nínú 100. Ẹ fún ẹja ní ìyẹ́ tútù, kí ẹ wo bóyá yóò tóbi. Ká ní àpò kan kọ 45, tí 70 péré nínú 100 rẹ̀ ń dà: 31.5 ni ẹja rí gbà. Ká ní òmíràn kọ 42, tí 88 ń dà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 37. Èyí tó kọ nọ́ńbà kékeré ló fún ẹja ní oúnjẹ jù. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi ṣe, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀.

Ṣé lókà kò dára nìyẹn? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Lókà tí wọ́n yan sóyà rẹ̀ dáadáa, tí wọ́n se àgbàdo rẹ̀ kí wọ́n tó fún un, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́ kúná, ń dà, ẹja sì ń fi í tóbi. Kíkúnná yẹn ṣe pàtàkì: bí ẹ bá tú ikùn ẹja tí ẹ rí kóóro àgbàdo nínú ìfun rẹ̀ tó ṣì jẹ́ kóóro, owó yín lẹ ń wò yẹn. Àléébù tí mo rí sí lókà ni pé ẹ kò lè fojú mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kùlíkùlí tó ti bu lè wà níbẹ̀, aflatoxin, oró tí èébu ń fi sínú irú kùlíkùlí bẹ́ẹ̀, kì í sì í bá oòrùn lọ. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú báàfù omi. Bó bá tú sómi kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ẹja kò ní bá a níbẹ̀.

Níbi tí ọyẹ́ ti dá ẹjọ́ yìí fún mi ni ti rírì. Nígbà tí ẹja ń lọ́ra, mo fẹ́ máa wo oúnjẹ lójú omi kí n lè mọ ìgbà tó yẹ kí n dáwọ́ dúró. Lókà ti rì sísàlẹ̀ ní tirẹ̀. Bóyá ẹja jẹ ẹ́, bóyá ó ń jẹrà níbẹ̀, èmi kò mọ̀, àfìgbà tí omi bá sọ fún mi. Nítorí náà, bí owó mi kò bá ká èyí tó ń léfòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn ọmọ ẹja ni mo ń fún, àti oṣù ọyẹ́. Láti oṣù kẹta ọdún lọ, tí omi ti gbóná tí ẹja sì ti tóbi, mo ń da lókà tó dára mọ́ ọn láìfòyà.

Ọ̀rá: ẹ lọ wo kẹ́ẹ̀gì epo pupa yín

Ní àárọ̀ ọyẹ́, epo tó ń ṣàn geere lóṣù kẹrin á ti dì sísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, ìwọ̀nba tó ṣì ń ṣàn á wà lókè. Ẹja tó wà nínú omi 22°C, inú rẹ̀ náà jẹ́ 22°C. Epo tó dì nínú kẹ́ẹ̀gì yín yóò dì nínú ìfun rẹ̀, oje òróòro kò sì rọrùn láti tú ọ̀rá tó bá ti dì. Nítorí náà, ọ̀rá màlúù, tó jẹ́ pé láàárín wa pàápàá a máa ń dì mọ́ etí àwo kí a tó jẹun tán, ló burú jù nínú omi tútù. Epo pupa wà láàárín. Òróró sóyà àti òróró ẹja kì í dì nínú òtútù ilẹ̀ wa, ìdá tó ń dà nínú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

N kò ní kí ẹ yẹra fún epo pupa o. Nínú omi 28°C, àrọ̀ ń lò ó dáadáa, vitamin E tún wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń po oúnjẹ fúnra rẹ̀ ní oṣù Kejìlá àti oṣù kìíní, kí ó fi òróró sóyà rọ́pò díẹ̀ nínú epo náà. Owó rẹ̀ wọ́n, mo mọ̀. Díẹ̀ náà ni mo ní.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ohun tí ẹ ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ nípa salmon ilẹ̀ Norway, ẹja omi tútù tí ọ̀rá inú oúnjẹ rẹ̀ máa ń ju 30 nínú 100 lọ, tí kò sì fẹ́ràn sítáàṣì rárá. Oúnjẹ àrọ̀ kì í sábà kọjá nǹkan bíi 12 sí 15. Bí ẹ bá fi ti salmon bọ́ àrọ̀, ọ̀rá yóò kún inú rẹ̀ bámúbámú, oníbàárà yóò sì dá a padà fún yín lẹ́yìn tó bá là á. Ẹja omi gbígbóná mọ sítáàṣì tó jinná lò ju tiwọn lọ, sítáàṣì sì ni nǹkan tó pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ìdin, ìfun adìẹ

Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú kóóro ohun ọ̀gbìn ni phytate, èròjà kan nínú kóóro náà, dì mọ́ra, ẹja kò sì ní oje tó lè tú u. Omi ló ń yà á sí, omi a wá dúdú bí ewé tẹ̀tẹ̀. Àwọn tó ń po oúnjẹ lè fi phytase, oje tó ń tú phytate, sí i, tàbí egungun lílọ̀. Phytase kì í la iná ẹ̀rọ já, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ fi máa ń fọ́n ọn sára oúnjẹ lẹ́yìn tó bá ti tutù.

Ìdin dára. Amúaradàgbà rẹ̀ ń dà, ẹja sì fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé kò ní fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ kàn rántí pé omi ló pọ̀ jù nínú ìdin tútù, ìdá 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100, nítorí náà báàfù kan ìdin kì í ṣe báàfù kan oúnjẹ gbígbẹ. Awọ rẹ̀ kì í dà bọ̀rọ̀. Ìfun adìẹ ni n kò fẹ́ràn: ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, ó ń ba omi jẹ́, bí adìẹ náà bá sì kú ikú àìsàn, ẹ̀yin lẹ máa ru ẹrù rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó dandan, kí ó bọ̀ ọ́, kí ó má lò ó nígbà ọyẹ́.

Nígbà ooru, ìṣòro a yí padà

Bí omi bá ti kọjá 32°C, ẹja a máa jẹ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Oúnjẹ ń sáré kọjá nínú ìfun, oje kò sì rí àyè bá a ṣe bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá wá kó oúnjẹ jọ fún un lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ń wọlé á ti èyí tó wà nínú jáde. Ẹ pín in sí mẹ́ta dípò méjì.

Afẹ́fẹ́ inú omi tún ń dín kù bó ṣe ń gbóná: omi 20°C lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn nínú lítà kan, omi 30°C kò gbà ju 7.5 lọ. Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun sì nílò ọ́síjìn sí i láti fi da oúnjẹ náà. Àrọ̀ mọ̀ ọ́n dọ́gbọ́n, ó lè gòkè wá mí sí atẹ́gùn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ yẹn, agbára oúnjẹ ló fi ń ṣe é. Amúaradàgbà tó bá pọ̀ jù ń di ammonia, ẹ̀gbin tí ẹja ń tú sómi, oró rẹ̀ sì ń le sí i bí omi ṣe ń gbóná: nínú omi tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí) jẹ́ 8, apá tó ń pa ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láti 20°C sí 30°C. Oúnjẹ tó ń dà dáadáa tí amúaradàgbà rẹ̀ mọ níwọ̀n ló yẹ ooru. Àpò 45 yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹja.

Kọnkéré, tapọ́lì, adágún ilẹ̀

Oúnjẹ kan náà kì í ṣe bákan náà nínú àwọn mẹ́ta yìí. Tapọ́lì tí omi rẹ̀ kò jìn ń tètè gbóná, ó ń tètè tutù. Láti àárọ̀ sí ọ̀sán ọyẹ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó 5°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọnkéré sàn díẹ̀, pàápàá èyí tí a gbẹ́ wọlẹ̀. Adágún ilẹ̀ tó jìn ló ń di ooru mú jù, kòkòrò inú omi sì tún ń fi nǹkan kún oúnjẹ. Ẹni tó ní adágún ilẹ̀ lè fi lókà la ọyẹ́ já. Èmi oníkọnkéré kò lè dánwò.

Ohun kan ràn mí lọ́wọ́: omi kànga ẹ̀rọ kì í bá ọyẹ́ tutù. Bó bá ṣe ń jáde láti inú ilẹ̀, ó sábà máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ ju omi tánkì lọ láàárọ̀. Nítorí náà, tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ omi nígbà ọyẹ́, n kì í lo èyí tó sùn sínú tánkì orí òkè mọ́jú. Mo ń fa á tààrà, mo sì ń jẹ́ kó já wálẹ̀ láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, torí omi abẹ́ ilẹ̀ kì í ní afẹ́fẹ́ púpọ̀.

Ẹni tó ń sin ẹpìà kò nílò gbogbo àríyànjiyàn àpò yìí tó bẹ́ẹ̀. Ìfun ẹpìà gùn ju ara rẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀, ó mọ ohun ọ̀gbìn jẹ. Òtútù ni ìṣòro rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Owó

Ẹ má fi iye àpò wé iye àpò. Ẹ fi iye oúnjẹ tó sọ ẹja di kílò kan wé ara wọn. Ká ní kílò kan èyí tó ń léfòó jẹ́ ₦2,000, tí kílò 1.1 rẹ̀ sì ń fún yín ní kílò ẹja kan: ₦2,200 nìyẹn. Ká ní lókà jẹ́ ₦1,400, tó jẹ́ pé kílò 1.8 ni ẹja ń jẹ kó tó fi kílò kan kún: ₦2,520. Lókà yẹn gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí bíi 1.57 kí ó tó bá èkejì dọ́gba. Ẹ fi iye ọjà tiyín sí i, torí iye ń yí padà kí inki tó gbẹ.

Bí mo ṣe ń mọ̀ ni pé mo ń wọn ogún ẹja lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, mo ń kọ iye oúnjẹ tó wọlé, mo sì ń kọ ìwọ̀n ooru omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ìwé ìṣirò ọmọ ilé ìwé kan ló ti ń gba gbogbo rẹ̀. Níbi tí mo ti rí i pé oṣù kìíní ló máa ń jẹ owó mi jù nìyẹn, kì í ṣe oúnjẹ burúkú ló fà á, àṣejù ọwọ́ mi láàárọ̀ ni. Ní báyìí, nígbà ọyẹ́, oúnjẹ mi kì í wọ omi kí aago méjìlá tó lù.

Tẹmómítà bàbá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ti bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.